Ẹ wá mẹkáníìkì kí ẹ tó wá mọ́tò Ítálì

Ọ̀gá olóòtú,

Ọ̀kún o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú bí ẹ ṣe ń fún àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogí láàyè nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá wà ní Kogí, tó o bá ní Kabba lo ti wá wọ́n á ní ṣé ẹ máa ń gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló da gbogbo wa rú. Ó gbé fọ́tò mọ́tò eré kan sórí WhatsApp ẹbí, onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, Alfa Romeo, ó ní òun fẹ́ rà á, òun á máa fi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ òun á sì máa fi wálé, pé iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun ò tó nǹkan rárá. Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bàbá wa kan ní Ìyàrà ní kó lọ ra Corolla kó sinmi, ìyá ẹ̀ ní ṣé mọ́tò tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n á máa fi gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ fi bọ̀dá sílẹ̀ kí wọ́n jayé. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Gbogbo wọn ń jà lórí bóyá mọ́tò Ítálì dáa àbí kò dáa, kò sì sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló máa tún un ṣe, níbo, páàtì wo ló sì fẹ́ fi tún un ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ rántí 504 ṣebí. Peugeot ni, àwọn Faransé ló ni ín, Kàdúná ni wọ́n ti ń tò ó láti 1975, òun la fi ń lọ Èkó, òun la fi ń lọ Ìlọrin, òun ni takisí òun náà ni mọ́tò ọ̀gá ìjọba. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé Pininfarina, ilé iṣẹ́ ayàwòrán mọ́tò ní Turin ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn ló ya 504 yẹn, àwọn kan náà tó ń ya Ferrari nígbà yẹn. Onílẹ̀kùn méjì tiẹ̀ wà nínú 504, Pininfarina fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe bọ́dì ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ní ará Ítálì ò mọ nǹkan kan nínú mọ́tò, kó rántí pé inú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni bàbá ẹ̀ jókòó sí láti Kabba dé Ọ̀jọ́ta. Kí ló wá jẹ́ kí 504 pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa? Ṣebí torí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà ní gbogbo ìlú ni, kò sí abẹ́ igi máńgòrò kan tẹ́ ẹ ò ti ní rí ẹni tó máa dijú tú kabúrétọ̀ ẹ̀, páàtì ẹ̀ wà ní Kabba, ó wà ní Ìsánlú, ó wà ní Ẹ̀gbẹ̀, bó bá bàjẹ́ ní Mọ̀pà lálẹ́ ẹ ó sùn níbẹ̀ ni, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ ó máa lọ. Alfa Romeo ò ní irú ìyẹn níbí, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ẹ̀ wà, kò sí nínú ẹ́ńjìnì ẹ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi pọ́ọ́kú. Mọ́tò eré Ítálì máa ń já lówó kíákíá nílẹ̀ Yúróòpù, torí àwọn náà ń bẹ̀rù ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á lówó, ẹni kejì náà lówó díẹ̀, ẹni kẹta ni kò lówó sáfíìsì, dídún ẹ́ńjìnì ẹ̀ ló kàn fẹ́ràn, ọwọ́ ẹni kẹta yìí lẹ sì máa ti rà á. Gbogbo owó sáfíìsì tí kò ná yẹn, ẹ̀yin lẹ máa ná an, ní náírà, lójú ọjà dọ́là bó ṣe wà yìí. Mọ́tò lè já lówó, páàtì ẹ̀ kì í já, bí mọ́tò bá jẹ́ olówó ńlá nígbà tó wà ní tuntun, owó ńlá yẹn náà ni wọ́n ṣì máa bu lé bíréèkì ẹ̀ fún yín.

Ohun míì ni pé ọ̀pọ̀ iye tí àwọn ọmọ yìí ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnu wọn ń dà, ìlú ọba ló ti wá, sítíárìn ẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Àwa ti kúrò nínú ìyẹn láti 2 April 1972 tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bọ́ sápá ọ̀tún títì. Wọ́n á ní mẹkáníìkì kan wà tó lè gbé sítíárìn sódì kejì. Kó gbé ti danfó, kó fi Alfa sílẹ̀ jàre. Tòkúnbọ̀ tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa báyìí sì rèé, Amẹ́ríkà ló ti ń wá, bẹ́ẹ̀ Alfa Romeo ti kó kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1995, wọn ò sì padà síbẹ̀ dáadáa títí di 2014 tí wọ́n gbé 4C dé. Gbogbo GTV àwọn ọdún 1990 síwájú, GT àti Brera, àwọn Alfa onílẹ̀kùn méjì tí àwọn ọmọ wa ń fọkàn fẹ́ yìí, wọn ò tà á ní Amẹ́ríkà rárá. Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì tàbí Ítálì fúnra ẹ̀ lẹ máa ti wá a, ojú omi ló sì máa gbà wọlé torí ìjọba ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti January 2017, ẹni tó bá ní òun á bá yín fà á gba Kútọnu lóru, ẹ jẹ́ kó máa fa tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń rà á ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì, ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ rán bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín máa ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò, fọ́tò ò sì ní fi ìyẹn hàn yín láé.

Maserati, mọ́tò Ítálì míì, ni tirẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, láti 2002 ni wọ́n ti padà síbẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i ní gbàǹjo àwọn mọ́tò tó ti ní jàǹbá. GranTurismo tó jáde ní 2007, mo gbà pé ó rẹwà, Ferrari ló ṣe ẹ́ńjìnì V8 inú ẹ̀, lítà 4.2, agbára ẹṣin 405. Èyí tó ṣáájú ẹ̀, tí wọ́n kàn ń pè ní Coupé, ní gíábọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Cambiocorsa, kò sí pẹ́dáà kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀ o, ẹ̀rọ ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá wá gbé e wọnú gósílóò Nyanya láràárọ̀, tó ń sún díẹ̀díẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì yẹn máa jó tán ni. GranTurismo tó ní ọtomátíìkì sàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n epo ńkọ́? Ó ń mu ju lítà 14 lọ ní 100 kìlómítà, ìyẹn tẹ́ ẹ bá da ìrìn inú ìlú àti ti ọ̀nà jíjìn pọ̀. Láti Àbújá sí Kabba lé ní 250 kìlómítà, bíi lítà 35 sí 40 ló máa mu kó tó débí, kò tíì padà. Láti 29 May 2023 tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, èmi ò mọ òṣìṣẹ́ oṣù tó lè máa ṣe ìyẹn lójoojúmọ́ kó má jalè. Ká fi Maserati sílẹ̀.

Fiat Coupé náà wà, èyí tí wọ́n ṣe láti 1993 sí 2000. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Chris Bangle ló ya ìta ẹ̀ nígbà tó wà ní Fiat, kó tó lọ sí BMW, Pininfarina ló ya inú ẹ̀. Èyí tó ní sílíńdà márùn-ún pẹ̀lú tọ́bò, agbára ẹṣin 220, ó ń sáré bí nǹkan míì. Àmọ́ láti pààrọ̀ táímíǹgì bẹ́líìtì ẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìnì bá ara wọn rìn, ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnì, nítorí bẹ́líìtì! Ẹ rò ó wò kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì wa níbí pé bẹ́líìtì ni kó pààrọ̀ kó sì máa ká ẹ́ńjìnì, á gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ yín, kò sì ní jẹ̀bi. Alfa Brera sì rèé, Giugiaro, ayàwòrán mọ́tò ará Ítálì, ló yà á, ojú ẹ̀ dáa ju gbogbo ìyókù lọ lójú tèmi, ó wúwo ṣá, ẹ̀yìn ẹ̀ ò gba àgbàlagbà, ṣéènì ẹ́ńjìnì 2.2 ẹ̀ sì máa ń fà.

Èyí tí mo bá ọmọ wa sọ pé kó wá, tó bá jẹ́ pé ó ti pinnu tí kò gbọ́ ti bàbá Ìyàrà, ni Alfa GT. Wọ́n gbé e jáde ní 2003, wọ́n ń ṣe é títí di 2010, ilé Bertone, ayàwòrán mọ́tò ní Ítálì, ló yà á. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ara Alfa 156 ni wọ́n gbé e lé, dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ sì jọ ti 147, àwọn méjèèjì yẹn pọ̀ lọ rẹpẹtẹ ní Yúróòpù torí mọ́tò gbogbo èèyàn ni wọ́n, nítorí náà apá ẹsẹ̀ (irin tó gbé táyà dúró), bùṣíìnì, páàtì ẹ́ńjìnì, ẹ lè rí wọn lára mọ́tò tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ẹ ò ní máa wá páàtì mọ́tò eré lówó mọ́tò eré. Èèyàn mẹ́rin jókòó nínú ẹ̀ dáadáa, búùtù ẹ̀ gba lítà 320, ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣí sókè tòun ti gíláàsì, iṣu àti garí tí màmá máa ń dì fún un tó bá ń padà á wọbẹ̀. Màmá máa tẹ̀ ba wọ ẹ̀yìn ni, ìyẹn ò ní àtúnṣe.

Ẹ́ńjìnì wo wá ni? Ibí ni mo ti bá àwọn ọmọ yìí jà jù. Gbogbo wọn fẹ́ V6 3.2, agbára ẹṣin 240, ẹ́ńjìnì tí Giuseppe Busso, ẹnjiníà Alfa, bẹ̀rẹ̀ ìran ẹ̀, mi ò ní purọ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ẹ̀ inú yín á dùn, ìparí 2005 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é, Busso fúnra ẹ̀ sì kú ní January 2006, ó dà bí ẹni pé wọ́n jọ dágbére ni. Ṣùgbọ́n ó ń mu epo, ó ń jẹ táyà iwájú, kò bá ojoojúmọ́ mu fún ọmọ tó ń gba owó oṣù. Àwọn ará Yúróòpù á ní kẹ́ ẹ ra 1.9 dísẹ́ẹ̀lì, JTD, pé kò ń jẹ epo, pé kò ń bàjẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn òótọ́ ni. Dísẹ́ẹ̀lì tiwọn mọ́, tiwa ní imí-ọjọ́ nínú, ẹ́gísọ́ọ̀sì ẹ̀ àti àwọn fáàfù tó ń yí èéfín padà máa dí, iye tí dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ ní fílíń sítéṣọ̀n wa ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. 2.0 JTS máa ń ní èédú lórí fáàfù torí inú sílíńdà tààrà ló ń fọ́n epo sí. Ó ku 1.8 Twin Spark, agbára ẹṣin 140, èyí tí kò sẹ́ni tó ń gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp. Òun ni kẹ́ ẹ rà. Kò le, ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù lásán lè kọ́ ọ, epo ẹ̀ láti Àbújá débí ò ju nǹkan bíi lítà 25 lọ.

Twin Spark yìí ní àṣírí tirẹ̀ o. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ, méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ̀ ọ́n rí á ra mẹ́rin, á pààrọ̀ mẹ́rin, á wá máa bú mọ́tò. Bẹ́líìtì ẹ̀ sì ni ikú ẹ̀. Alfa kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé 120,000 kìlómítà ni kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, nígbà tí bẹ́líìtì ń já káàkiri wọ́n dín in kù sí 60,000. Bẹ́líìtì yẹn bá já, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn. Nítorí náà ẹ má gba "wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀" lẹ́nu ẹnì kankan láìsí rìsíìtì. Bí kò bá sí rìsíìtì, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ rí, ẹ yọ owó ẹ̀ nínú owó mọ́tò, bẹ́líìtì, tẹ́ńṣọ́nà tó ń fà á le, wọ́tà pọ́ǹpù, fáríétọ̀ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má baà tú u lẹ́ẹ̀mejì. Fáríétọ̀ yẹn lẹ máa fi etí yín dá mọ̀: ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú, ẹ tan án láàárọ̀ kó tó gbóná, bó bá ń dún káká-káká bíi mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì kó tó dákẹ́, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti tan mọ́tò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, tó ní òun kàn ń fi gbóná fún yín ni, ẹ padà wá lọ́la. Ó máa ń jẹ ọ́ìlì náà, ẹ máa fa géèjì ẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá dúró de iná dáṣíbọ́ọ̀dù kó tó bu ọ́ìlì sí Twin Spark ti dúró pẹ́ jù.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Wọn kì í bèèrè èyí, ó sì ṣe pàtàkì ju rédíò tí wọ́n ń bèèrè lọ. Alfa àti Fiat máa ń fún oníǹkan ní káàdì kékeré kan tí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wà lórí ẹ̀, àwọn àtijọ́ kan nínú wọn láàárín ọdún 1990 síwájú tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ pupa tó jẹ́ ìyá àwọn yòókù. Bí káàdì yẹn bá sọnù, tí kọ́kọ́rọ́ náà wá sọnù, mọ́tò yín á kàn jókòó síbẹ̀ ni, ríwáyà wa á ní òun á gé wáyà, kó má gé nǹkan kan. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjì àti káàdì kẹ́ ẹ tó sanwó tán.

Ó wá ku títì. Láti Ọbajánà wá sí Kabba, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, mọ́tò eré á gbádùn ẹ̀ bí ẹnu tírélà bá gbà fún un. Ẹ kúrò ní Kabba báyìí kẹ́ ẹ máa lọ sí Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, ẹ wá padà wá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́tò tó sún mọ́lẹ̀. Mo ní kó dè é ní irin lábẹ́, ìyẹn irin tó ń bo sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, torí sọ́ǹpù ẹ̀ wà nílẹ̀ gan-an, òkúta kan bá gbá a ọ́ìlì á dà tán kó tó mọ̀. Apá ẹsẹ̀ ti òkè níwájú ẹ̀ sì máa ń ké wíì-wíì, kòtò wa á jẹ bùṣíìnì ẹ̀ kíákíá ju tòyìnbó lọ, kó fi owó ìyẹn sí ìṣirò ẹ̀ lọ́dọọdún. Lákòókò òjò kó wọ mọ́tò èrò wálé, mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àti lálẹ́, rárá. Bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí pẹ̀lú àwọn ajínigbé, mọ́tò pupa tí gbogbo èèyàn ń yíjú wò kọ́ ni mo fẹ́ kí ọmọ wa wà nínú ẹ̀ nígbà tílẹ̀ bá ṣú láàárín Lọ́kọ́ja sí Kabba. Bó bá sì lè rí aláwọ̀ eérú kó gbé ìyẹn, pupa ò fi nǹkan kan kún eré ẹ̀.

Èsì tí mo fún un lórí WhatsApp ò gùn tó báyìí. Mo ní kó má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì ní Àbújá tó ti tú Twin Spark rí, tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ti káḿṣáfútì, irin tó ń ṣí fáàfù, mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, torí ẹni tó bá ní òun á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i kò tíì ṣe é rí nìyẹn, kó wá ríwáyà tí síkánà ẹ̀ lè ka Alfa, kó béèrè iye tí wọ́n máa gbà lórí iṣẹ́ bẹ́líìtì, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bó bá rí wọn, kó ra mọ́tò. Bí kò bá rí wọn, bàbá Ìyàrà ti sọ̀rọ̀.

Ó ti ń wá wọn báyìí. Ní tiwa níbí, ọ̀gá olóòtú, ẹ bá mi bi àwọn òǹkàwé yín léèrè: ṣé ẹnì kan wà láàárín Ẹ̀gbẹ̀ sí Lọ́kọ́ja, tàbí ní Òmùò lọ́hùn-ún, tó ń tún mọ́tò Ítálì ṣe, tó sì ní síkánà ẹ̀? Bó bá wà, kó kọ̀wé sí yín kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kó fi orúkọ ìlú tó wà síbẹ̀ pẹ̀lú irú ẹ́ńjìnì tó mọ̀, iṣẹ́ wà fún un.

Èmi ni,
Ọmọ Ọ̀kún kan, Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.